Ará Mi Kọ́, Ara Mi Ni

Ìyá ọkọ mi kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ìtòkú ló ti ń ta àdìrẹ, ẹni tó bá sì ná ọjà ẹ̀ ní ìnákúnàá máa gbọ́ ọ. Nígbà tí mo bí ọmọ mi, òun ló wá ń bá mi wẹ ọmọ nílé wa ní Ìbarà. Òun náà ló kọ́kọ́ rí i pé ẹsẹ̀ mi wú, pé ìjókòó ni mo fi ń sùn torí mi ò rí èémí mí tí mo bá dùbúlẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní àárẹ̀ ìkúnlẹ̀ ni. Ó kọjú sí ọkọ mi: "Irọ́ ni! Gbé mọ́tò, ọsibítù yá."

Òkè Ọya ni dókítà tó yẹ̀ mí wò ti wá. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ ohùn ọ̀rọ̀ a máa yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní ọkàn mi ti rẹ̀, kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara mọ́. Màmá bi í pé kí ló fà á.

Ó ní, "Ará ẹ̀ ló ń bá a jà."

Yéè! Ọkọ mi ti lọ sanwó, Màmá nìkan sì ni ará mi tó kù níbẹ̀. Ó dìde fùú. "Èmi kẹ̀? Wallahi, mi ò mọwọ́ mi ò mẹsẹ̀! Ọmọ tí mò ń fọwọ́ ara mi sebẹ̀ fún?" Omi ti lé sójú ẹ̀. Dókítà ò tiẹ̀ mọ ohun tó sọ. Pẹ̀lú bí mo ṣe ń mí gúlegúle yẹn, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Mo fọwọ́ lu àyà mi: "Ara, Màmá! Ara mi ni, ẹ̀yin kọ́."

Dókítà wá ṣàlàyé. Ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń bá àrùn jà. Lára àwọn kan tó ní irú àìsàn mi, wọ́n ti rí i pé àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí a máa fi ẹran ọkàn pe ọ̀tá, wọ́n á dojú ìjà kọ ọ́. Ó ní bóyá tèmi náà nìyẹn.

Màmá mirí. "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà."

Oògùn wà, àmọ́ dókítà kìlọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ tún lóyún, ó lè gbẹ̀mí mi. Àyà mi já. Ọkọ mi nìkan ni Màmá bí láyé, ojoojúmọ́ ló sì ń sọ pé ilé ọmọ òun á kún fọ́mọ. Mi ò lè wo ojú ẹ̀ títí a fi délé.

Nígbà tí ara mi yá díẹ̀, àwọn ẹbí wá kí mi láti Igbein. Àgbà kan gbé ọmọ mi sókè, ó ní, "Àbúrò á tẹ̀ lé e láìpẹ́ o!"

Àmín ò tíì jáde lẹ́nu wọn tí Màmá fi gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe àdúrà yẹn nílé yìí mọ́. Ìyá ẹ̀ tó wà níwájú yín yìí ni kẹ́ ẹ ṣàdúrà pé kó tọ́ ọ dàgbà."

Èmi nìkan ni mo ṣe àmín, mo sì ké e. Ará mi nìyẹn.