Orúkọ Tòótọ́ Ni Mo Fi Dán Ìkànnì Wa Wò

"Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, mà. Ẹ jẹ́ kó parí ohun tó ń ṣe."

Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nínú ọ́fíìsì mi ní Èrúwà. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni Kẹ́hìndé, ọmọbìnrin Igbó-Ọrà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní kọ̀ǹpútà. Èmi tó ń kìlọ̀ fún ti lé ní ogún ọdún nídìí iṣẹ́ ìròyìn. Ìròyìn oko ni tèmi: ibi tí òjò ti rọ̀, ibi tí màlúù ti jẹ oko, afárá tó já. Mo ti fi bírò kọ ọ́, mo ti kà á lórí rédíò, mo ti fi fóònù sọ ọ́ láti ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ìkànnì orí ayélujára nìkan ni mi ò kọ́ rí.

Ohun tí a fẹ́ kọ́ kò ṣòro lójú mi. Ẹ̀gẹ́ kò dà bí iṣu tí èèyàn lè kó sínú abà. Bí a bá fà á lónìí, kó tó di ọjọ́ kẹta ó ti ń dúdú nínú. Nítorí náà, àgbẹ̀ kì í fẹ́ fà á títí oníbàárà á fi dé, oníbàárà ò sì ní dúró de ẹ̀gẹ́ tó ṣì wà nínú ilẹ̀. Ìkànnì wa ló máa bá wọn parí rẹ̀. Bí oníbàárà bá ti ń bọ̀, a ó kọ ọ́ síbẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ á sì lọ sórí fóònù gbogbo àgbẹ̀ tó wà ní abúlé oko.

Bàbá Múfútáù, olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin ẹ̀gẹ́, ló fún mi ní orúkọ àti nọ́ńbà àwọn èèyàn rẹ̀ nínú ìwé ẹsáṣáìsì kan. Ṣùgbọ́n kò tètè fi ìwé náà sílẹ̀.

"Màmá Bùkọ́lá, ẹnì kan ti purọ́ fún wa rí. Ó ní òun ń bọ̀, a fa ẹ̀gẹ́ kalẹ̀, a ò rí i mọ́. Ewúrẹ́ ló bá wa jẹ ẹ́. Bí irọ́ kan ṣoṣo bá ti ọ̀dọ̀ yín wá, o ó dá ìwé mi padà, ọ̀rọ̀ fóònù sì ti tán láàárín wa nìyẹn."

"Bàbá, ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń gbọ́ ìròyìn mi. Ẹ ti gbọ́ irọ́ níbẹ̀ rí?"

"Mi ò tíì gbọ́. Ohun tó jẹ́ kí n mú un wá nìyẹn."

Mo rò pé a ó kàn jókòó, a ó sì bẹ̀rẹ̀. Kẹ́hìndé ní rárá, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́ ibi iṣẹ́. Mo ní ṣebí tábìlì ló wà níwájú rẹ̀ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Inú kọ̀ǹpútà ni ibi iṣẹ́ tí ó ń sọ wà: irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ohun tí ẹ̀rọ lè gbọ́, àpótí tí orúkọ àwọn èèyàn máa wà, àti ẹ̀dà ìkànnì tí àwa nìkan á máa rí. Gbogbo rẹ̀ la ní láti fà wálẹ̀ láti orí ayélujára, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì mi sì dà bí àlejò tó jókòó sétí àga, kì í pẹ́ tó fi ń dìde. A gbé tábìlì lọ sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó yá, a gbé e dé abẹ́ igi furúùtù níta.

"Màmá Bùkọ́lá," ẹnì kan kígbe láti ojú títì, "ṣé onílé ti lé yín jáde ni?"

Lọ́jọ́ kejì, ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà Kẹ́hìndé kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí tèmi.

"Ó ń ṣiṣẹ́ lórí tèmi o, mà."

"Ṣé orí tìrẹ ni Bàbá Múfútáù máa wá wò ó?"

Ó wá a títí ó fi rí i pé irinṣẹ́ kan lórí tèmi jẹ́ tuntun, ti orí tirẹ̀ sì ti gbó, àwọn méjèèjì ò gbọ́ ohùn ara wọn. Ó fi irú kan náà sórí méjèèjì, ó sì kọ gbogbo ohun tó ṣe sínú ìwé, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹlòmíràn lè ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọmọ náà sí. Oníròyìn tó mọṣẹ́ kì í gbẹ́kẹ̀ lé iyè nìkan.

Mo bi í pé kí la fẹ́ fi ẹ̀dà méjì ṣe, ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan níta.

"Ẹ ẹ̀ mọ ìtàn orúkọ mi ni, mà? Kẹ́hìndé ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò. Bí ayé bá dùn, òun náà á wá jáde. Ẹ̀dà inú ilé yìí ni Táyé. Òun la ó máa rán síwájú. Èyí tí aráyé máa rí á wá tẹ̀lé e."

"Táyé tìrẹ ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ pé o ṣì ń rán òun níṣẹ́?"

"Ó wà ní Ayété, mà. Mo ṣì ń rán an dáadáa."

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ibi iṣẹ́ ti dúró. Kẹ́hìndé so ohun tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ mọ́ ẹ̀dà inú ilé, kó lè fi nọ́ńbà tirẹ̀ dán an wò. Kó tó lọ sí kíláàsì, ó ní kí n bá òun hùmọ̀ ogún orúkọ àti nọ́ńbà tí kò sí láyé, kí n tẹ̀ wọ́n sínú àpótí, kí n sì dúró de òun.

Mo mú bírò. Mi ò lè kọ ẹyọ kan. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé ẹni tó bá hùmọ̀ èèyàn lónìí á hùmọ̀ ìlú lọ́la. Láti ìgbà náà, mi ò fi orúkọ tí kò lólúwa sínú ohunkóhun rí. Ni mo bá ṣí ìwé Bàbá Múfútáù, mo sì tẹ gbogbo orúkọ inú rẹ̀ wọlé, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Ṣebí àwọn náà la ń torí wọn ṣe é.

Mi ò dúró de Kẹ́hìndé. Mo kọ ọ́ pé: "Oníbàárà ńlá ń bọ̀ wá ra ẹ̀gẹ́ níwájú ọ́fíìsì Màmá Bùkọ́lá ní Èrúwà láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ tètè kó o wá." Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà dáhùn pé ó ti lọ. Mo ní níbo ló fẹ́ lọ, ẹni tó wà nínú ilé? Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi orin sẹ́nu lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀kadà mẹ́rin ni mo bá níwájú ọ́fíìsì, àpò ẹ̀gẹ́ níwájú, àpò ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn. Bàbá Múfútáù ń gbọn eruku ara fìlà rẹ̀.

"Oníbàárà náà dà?"

Kẹ́hìndé ló dé tẹ̀ lé wọn. Ó wo àpò, ó wò mí.

"Mà, orúkọ ta lẹ fi sí i?"

"Orúkọ àwọn tó ni ín."

Ó káwọ́ lérí. Ọ̀rọ̀ náà wá yé mi pátápátá. Kò sí orúkọ irọ́ kan nínú iṣẹ́ mi. Iṣẹ́ tí mo rán gan-an ni irọ́.

Mo lè sọ pé oníbàárà ti sún ọjọ́ síwájú. Ó ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

"Bàbá, kò sí oníbàárà kankan. Ìdánwò ni. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi náà ni mo tẹ̀ ẹ́. Ọmọ yìí ò mọ̀ sí i."

"Ẹ̀yin lẹ rà á nìyẹn," ọ̀kan nínú àwọn tó wà lórí ọ̀kadà sọ. "Ẹ gbé e wọlé, kẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́ títí ọdún Iléyá."

Bàbá Múfútáù kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí mi.

"Ìwé mi."

Mo fún un. Kẹ́hìndé ti ń pe àwọn tí kò tíì fa tiwọn, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fà á. Èmi pe Ìyá Débórà, tó ń yan gààrí ní ìsàlẹ̀ ìlú, mo sì ṣàlàyé bó ṣe jẹ́.

"Ẹ̀rọ wà, epo wà," ó ní. "Ọwọ́ ni kò sí. Àwọn tó ń bá mi bó ẹ̀gẹ́ ò lè bó ìyẹn mọ́ èyí tó wà nílẹ̀. Bí ẹ bá máa bó o fúnra yín, ẹ máa bọ̀."

Mo sọ ọ́ fún Bàbá. Ó tú ẹnu àpò kan wò.

"Ẹ̀gẹ́ ò mọ̀ pé ìdánwò ni. Ẹ gbé e."

Nídìí ẹ̀rọ Ìyá Débórà, a jókòó yí òkìtì náà ká, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, èmi àti tíṣà kọ̀ǹpútà láàárín àwọn àgbẹ̀. Ìyá Débórà dúró lé mi lórí.

"Màmá Bùkọ́lá, ṣé èèpo lẹ ń bó ni, àbí ẹ̀gẹ́ gan-an lẹ ń gé sọnù?"

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá mi yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Kẹ́hìndé ló ṣàlàyé ohun tí mo kọ̀ láti ṣe, àwọn tí inú ń bí tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í hùmọ̀ fún mi. "Kọ ọ́: Làmídì Kò-sí-níbì, abúlé Àìsí." "Jímọ̀ọ̀ Ẹ̀-bá-ti-rí-i, ọ̀nà Kò-débẹ̀." Nígbà tí a ó fi bó àpò kejì tán, ogún ti pé. Ojúlówó irọ́ ni wọ́n, kò sì sí ẹni tó lè ṣì wọ́n mú fún èèyàn. Ọkàn mi gbà á. Àwọn ló wà nínú àpótí ẹ̀dà inú ilé títí di òní.

Nígbà tí wọ́n kí ìrun Aláásárì tán, ẹ̀gẹ́ ti wọ inú ẹ̀rọ. Àwọn àgbẹ̀ àti Ìyá Débórà ti bá ara wọn ṣàdéhùn, ojú kálukú sì ti rọ̀. Bàbá Múfútáù wá bá mi, ìwé rẹ̀ lábẹ́ apá.

"Ẹni tó purọ́ fún wa nígbà yẹn, kò wá bá wa bó ẹ̀gẹ́ kan." Ó gbé ìwé náà lé mi lẹ́sẹ̀. "Ta ló ń wo iṣẹ́ kí o tó rán an?"

"Èmi nìkan ni, Bàbá."

"Kò tó."

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni oníbàárà tòótọ́ dé. Ìkànnì ti wà níta nígbà náà. Mo kọ iṣẹ́ náà, mo sì pe Bàbá lórí fóònù.

"Kà á."

Mo kà á.

"Tún un kà." Mo tún un kà. "Ṣé o fi ojú ara rẹ rí ọkùnrin náà?"

"Ó jókòó níwájú mi báyìí, Bàbá."

"Gbé fóònù fún un."

Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Ọkùnrin náà ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ó ń nu òógùn. Nígbà tó dá fóònù padà fún mi, mo gbọ́ tí Bàbá mí kanlẹ̀.

"Ó dáa. Tẹ̀ ẹ́."