Ìgbà Tí Ọ̀rẹ́ Mi Ń Bá Mi Kí Ènìyàn

Òjò ń ṣú bọ̀ lórí àwọn òkè tó yí Adó-Èkìtì ká lọ́sàn-án ọjọ́ náà, yàrá tí a ti ń fi orin dánra wò sì ṣókùnkùn díẹ̀, bíi pé ojú oorun la wà. Dọlápọ̀, ọ̀rẹ́ mi tí a ti jọ ń gbé yàrá kan láti ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì, wà nídìí dùùrù. Mo ń kọrin bọ̀ wẹ́rẹ́ títí mo fi dé ibi tí ohùn ti gbọ́dọ̀ gòkè. Mo la ẹnu, afẹ́fẹ́ jáde, ohùn kò bá a jáde. Dọlápọ̀ dáwọ́ dúró, ó wò mí. Mo ní bóyá òùngbẹ ni.

Ọdún tí a máa ṣe tán ni. Ẹ̀kọ́ orin là ń kọ́. Dọlápọ̀ yan dùùrù, èmi yan ohùn. Ẹni tó bá yan ohùn gbọ́dọ̀ dúró níwájú àwọn olùkọ́ ní ìparí ọdún, kó kọrin lóríṣiríṣi fún wọn. Bí kò bá lè kọ ọ́, yóò dúró de ọdún tó ń bọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì ti lọ di àgùnbánirọ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ohun tó wà níwájú mi nìyẹn, ohùn mi sì ti há.

Ìrora kọ́ ló kọ́kọ́ dé, àárẹ̀ ni. Láàárọ̀, ohùn mi á wúwo bíi ti ọkùnrin. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á ku fẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, bíi pé egungun ẹja há síbẹ̀. Àwọn akọrin ní oògùn tiwọn, gbogbo wọn ló sì gbé tiwọn wá: orógbó, oyin, ata ilẹ̀, ẹyin tútù. Mo jẹ orógbó títí oúnjẹ fi ń korò lẹ́nu mi. Màmá mi, tíṣà ní Ìgèdè, pè mí lórí fóònù, ó ní, "Ta nì yí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún Jọkẹ́." Nígbà tó wá mọ̀ pé èmi gan-an ni, ó ní, "Lọ́la, à ń lọ sílé ìwòsàn."

A jókòó pẹ́ níbẹ̀ kó tó kàn wá. Fáànù ń yí jẹ́jẹ́ lókè, bàbá kan ń sùn, òórùn oògùn ìfọlẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Màmá di ọwọ́ mi mú bíi pé mo tún ti padà sí jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ń rọra gbàdúrà, mo ń gbọ́ orúkọ mi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Jẹjẹrẹ ni mo ń rò, n kò sì lè dárúkọ rẹ̀ fún un. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Dókítà tó ń wo etí, imú àti ọ̀fun, obìnrin tí ohùn rẹ̀ tutù, fọ́n oògùn sí mi nímú kí ó má baà dùn mí púpọ̀. Ó wá ti rọ́bà tín-ínrín kan tí kámẹ́rà wà lẹ́nu rẹ̀ gba ihò imú mi lọ sí ọ̀fun. Kò dùn mí bí mo ṣe rò, ṣùgbọ́n omi dà lójú mi. Mo rí inú ara mi lójú ẹ̀rọ: fọ́nrán funfun méjì tó ń ṣí, tó ń pa dé. Okùn ohùn nìyẹn. Bí a bá ń mí, wọn a ṣí sílẹ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ tàbí tí a ń kọrin, wọn a pàdé, wọn a máa gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn ló ń di ohùn. Létí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kókó kékeré kan yọ síbẹ̀. Ó ní bí ohùn bá ṣiṣẹ́ kọjá agbára, ibi tí okùn méjèèjì ti ń gbún ara wọn ló máa ń le, bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń gúnyán lójoojúmọ́ ṣe máa ń le. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Màmá mí kanlẹ̀.

"Ó lè lọ fúnra rẹ̀," ni dókítà wí, "tí o bá dákẹ́. Má sọ̀rọ̀ rárá títí o ó fi padà wá. Bí kò bá lọ, a jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ló kù."

Dákẹ́ kẹ̀! Nínú Adó!

Èkìtì ni wá. Ọmọ tó bá kọjá lára àgbà tí kò kí i, ilé tó ti jáde ni wọ́n máa bú. À ń kí ẹni tó ń gbálẹ̀, à ń kí ẹni tó ń ṣa ẹ̀fọ́, ẹni tó jókòó tí kò ṣe nǹkan kan, a ó kí i kú ìjókòó. Kí n tó rìn dé oríta Adébáyọ̀, mo gbọ́dọ̀ ti kí gbogbo àdúgbò tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Onílé, ìyá àgbà tó ni ilé tí a háyà, mo sì pa ẹnu mọ́. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Kí lọmọ yìí kúnlẹ̀ tó ń wò mí fún? Nínú ulé tèmi, ẹnu la fi ń kí ni o!"

Ojú tì mí débi pé mo dá ọgbọ́n kan. Mo pa ohùn mọ́, mo ń fi èémí nìkan sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ kú ọjà o. Èrò mi ni pé ohun tí kò dún kò lè pani lára. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kí gbogbo Adó ní wúyẹ́wúyẹ́, inú wọn dùn, inú tèmi náà dùn.

Nígbà tí mo padà lọ, kókó wà níbi tó wà, ó tún ti pọ́n sí i. Dókítà bi mí bóyá mò ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ẹlòmíràn tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ńṣe ni okùn ohùn rẹ̀ ń fún ara wọn ju ti ọ̀rọ̀ gidi lọ. Ẹ̀yin tí irú èyí bá bá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé wúyẹ́wúyẹ́ kì í ṣe ìdákẹ́. Mo bú sẹ́kún. Ó ní kí n rọra sun ún, kó má dún.

Dọlápọ̀ ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. "Ó parí. Ìwọ máa kúnlẹ̀, èmi á máa sọ̀rọ̀."

Láti ọjọ́ náà, n kò jáde láìjẹ́ pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo kúnlẹ̀, ó ń sọ ọ́ fún àwa méjèèjì: "Ẹ káàárọ̀ mà, èmi àti Jọkẹ́ la ń kí yín o. Ọ̀fun ló ń dà á láàmú, dókítà ní kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀." Bí ó bá lọ sí kíláàsì, mo fara pamọ́ sínú yàrá. Ìyá Onílé pariwo: "Ọ̀fun? Ẹ ẹ̀ sì tètè sọ!" Kò tún bínú mọ́. Láràárọ̀, á kí mi, á sì dá ara rẹ̀ lóhùn: "Jọkẹ́, ṣé o jí ire? Mo jí ire, mà. Ọ̀fun ńkọ́? Ó ń san, mà." Ẹ̀rín á fẹ́ pa mí, bẹ́ẹ̀ n kò gbọdọ̀ rín in síta.

Ìgbà yẹn rí bí àlá lójú mi títí dòní. Mò ń gbọ́ ohun tí n kò gbọ́ rí: òjò tó ń ti orí páànù kan bọ́ sórí òmíràn, ìka Dọlápọ̀ tó ń tẹ etí bẹ́ẹ̀dì bíi pé dùùrù ni. Mo máa ń mọ orin tó ń tẹ̀. Bí mo bá sùn, mò ń kọrin lójú àlá, ohùn mi ń gòkè láìsí wàhálà, n ó sì jí pẹ̀lú ẹnu pípadé. Nígbà tó pẹ́, mo gbìyànjú láti rántí bí ohùn mi ṣe ń dún, n kò rántí. Ọjọ́ yẹn ni ìbànújẹ́ bá mi jù.

Kókó náà rọra súnkì. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ó yá, sọ̀rọ̀." Mo wo ojú ìyá mi. "Màámi." Ohùn náà kéré, ó há díẹ̀, ṣùgbọ́n tèmi ni. Ìyá mi fi gèlè bo ojú.

Wọ́n kọ́ mi nílé ìwòsàn láti máa hùn bí oyin ní ẹnu pípadé, kí n sì máa fi sítíróò fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Ohùn padà, àfi ti òkè pátápátá. Mo retí rẹ̀ títí, kò wá. Dọlápọ̀ kò bá mi ṣọ̀fọ̀. Ó jókòó, ó sọ gbogbo orin mi kalẹ̀ sí ibi tí ohùn mi lè dé, olùkọ́ wa sì fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo dé ibi tí mo ti máa ń gòkè tẹ́lẹ̀, mo sì dúró sí ìsàlẹ̀. Ohùn mi gbọ̀n, ó tún dúró, ó sì gbé mi dé òpin. Mo yege, èmi àti Dọlápọ̀ sì jọ jáde ní yunifásítì.

Àwọn kan máa ń bá mi kẹ́dùn nítorí ohùn òkè tó lọ. Èmi náà ṣàárò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ dókítà, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tó yá mi lẹ́nu. Ara mi nìkan ni n kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, èyí tí mo ń lò bí ohun tí kì í rẹ̀. Nígbà tí orin parí lọ́jọ́ ìdánwò, kí ẹnikẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, mo gbé ọwọ́ lé ọ̀fun mi, ó gbóná, ó ń mí. Mo sì sọ ọ́ jáde ketekete, níwájú àwọn olùkọ́: "O ṣé."