Iyùn Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Màmá Mi

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ ki ojú bọ inú òkun, tí mo rí i pé ohun abẹ̀mí ni iyùn. Erékùṣù kan ní ìlà-oòrùn Áfíríkà ni mo wà, èmi ọmọ Festac ní Èkó tí kò mọ bí a ti í lúwẹ̀ẹ́, tí mo lọ ra fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ ní Trade Fair bí ẹni pé fìlà ló ń gbé èèyàn léfòó.

Ọ̀rẹ́ mi ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Festac ni wọ́n ti tọ́ àwa méjèèjì, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni àwọn òbí wa jọ ṣe, ó sì jẹun nílé wa títí màmá mi fi ń pè é ní ọmọ òun. Iṣẹ́ òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé kí wọ́n máa so ẹ̀ka iyùn kéékèèké mọ́ irin lábẹ́ omi, níbi tí iyùn àtijọ́ ti kú, kí ó lè hù padà, kí ẹja sì rí ilé gbé. Wọ́n máa ń fi orúkọ èèyàn pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn á kọ ọ́ sára ike pélébé, wọn á so ike náà mọ́ irin. Nígbà tí màmá mi kú, ọ̀rẹ́ mi so ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀.

Mo fi ọkàn dì mọ́ iyùn yẹn gan-an. Jos ni mo wà nígbà tí màmá kú. Wọ́n pè mí pé ara rẹ̀ ò yá díẹ̀, kí n máa bọ̀, mo sì ra ọsàn fún un lọ́nà. Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Mazamaza, tí mo rí i pé pásítọ̀ ló wá pàdé mi, ni ara ti fu mí. Gbogbo ilé ti sunkún tán kí n tó dé, èmi nìkan ni wọ́n ń sọ fún pé kí n ṣe ọkàn gírí. Nítorí náà ni mo ṣe sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé, "Bí iyùn yìí bá kú, sọ fún mi. Má fi pamọ́ fún mi." Ó ní òun gbọ́. Ó wá ń fi àwòrán ránṣẹ́, èmi náà ń fi í yangàn láàárín àwọn ìyá ìjọ bí abiyamọ tuntun.

Nígbà tí mo wá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní erékùṣù náà, ṣe ló ń sún ọjọ́ síwájú. Lónìí, ìgbì pọ̀. Lọ́la, ọkọ̀ bàjẹ́. Èmi òpònú tún ń kí i kú wàhálà. Ìgbà tó lọ sí ọ́fíìsì ni mo bá àwọn àlejò mìíràn wọ ọkọ̀. Obìnrin tó mú wa lọ bi mí ní orúkọ tí mo ń wá, mo ki ojú bọ omi, ó sì na ìka sí irin kan. Orúkọ màmá mi wà lára ike lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin lásán ló wà níbẹ̀, ewé òkun ti bò ó. Obìnrin náà ní omi gbóná jù lọ́dún tí wọ́n gbìn ín, pé gbogbo ìlà yẹn funfun báláú, wọ́n sì kú.

Ọ̀rẹ́ mi ti dúró dè mí létí omi. Mo bi í pé àwòrán iyùn ta ló ń fi ránṣẹ́ sí mi láti ọjọ́ yìí.

"Ti ẹlòmíì ni," ó ní. "Jọ̀ọ́, má bínú. Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mi ò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Mo padà sí Èkó, mo lọ sí ilé bàbá mi ní Raji Rasaki Estate, mo sì ro ẹjọ́ ọ̀rẹ́ mi fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ yẹn ò ṣẹ̀ ẹ́," ó ní. "Èmi ló kọ́kọ́ pè nígbà tí iyùn náà kú. Ṣebí àgbà ilé la á kọ́kọ́ túfọ̀ fún. Èmi ni mo ní kó máa fi àwòrán òmíì ránṣẹ́ sí ẹ. Mi ò fẹ́ kí o tún sunkún lẹ́ẹ̀kejì."

"Dádì, ẹkún àkọ́kọ́ gan-an, ẹ ò jẹ́ kí n sun ún."

Ó ń fi etí aṣọ nu awò rẹ̀ ṣáá.

Ọjọ́ ti pẹ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti ń kí ara wa padà. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù, nítorí mi ò rí ẹni tí mo lè bínú sí tẹ́rùn. Bí wọ́n bá pè mí láti ilé báyìí, tí wọ́n ní àlàáfíà ni gbogbo àwọn wà, mo máa ń kọ́kọ́ wá ibi jókòó sí.