Ẹní tí mo tẹ́ sẹ́yìnkùlé

Ilé àkọ́kọ́ tí mo bá wọn tà wà ní Pápá Àjàó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ajẹ́ǹtì ni, ọmọ oṣù márùn-ún sì wà lẹ́yìn mi. Bí mi ò bá rí i tà, ọkọ mi á ní kí n jókòó sílé.

Àkọ́bí ilé náà ló fẹ́ tà á. Ìyá rẹ̀ tó jẹ́ opó kò fẹ́, ṣùgbọ́n ta ló bi í?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kan ń bọ̀ wá wo ilé, àkọ́bí yẹn fẹsẹ̀ kan pèpéle sìmẹ́ńtì kan lẹ́yìnkùlé. Ó ní, "Bàbá wa la sin síbí. Tí nọ́ọ̀sì yẹn bá rí sàréè, á sá lọ. Àǹtí, ẹ bá mi bò ó."

Mo tẹ́ ẹní sórí ẹ̀, mo jókòó, mo ń fọ́mọ lọ́mú. Nọ́ọ̀sì yẹn rẹ́rìn-ín sí wa. Ó ní, "Ẹ̀yìnkùlé yìí mà tutù o!"

Bó ṣe lọ tán, ìyá àgbà jáde. Mo ti ń retí èébú. Ṣe ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan etí ẹní náà.

"Baálé mi, ẹ má bínú. Ọmọdé ni." Ó wá kọjú sí mi. "Ìyá ọmọ, ṣé o ti ẹ̀ kí i?"

Mo dìde, mo ká ẹní náà.

Nọ́ọ̀sì ra ilé. Wọ́n kó ìyá lọ sí Sùúrùlérè, sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Ọmọ mi ti wọ sẹ́kọ́ńdírì báyìí. Síbẹ̀, kí n tó tẹ́ ẹní níbikíbi, ẹnu mi á ti sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́: "Ẹ kúulé o, bàbá."