Ọjọ́ Mélòó Lẹ Máa Lò?

Ẹ̀yìn ọsibítù ńlá ni ilé àlejò Ìyá Má-béèrè wà, yàrá mẹ́jọ péré, tí ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Kò sẹ́ni tó ń torí ìgbafẹ́ débẹ̀. Ìyàwó aláìsàn ló ń sùn síbẹ̀, bàbá aláìsàn, ọmọ tó gbé ìyá rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn.

Àwọn àlejò ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ó sì ń pani lẹ́rìn-ín, nítorí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu obìnrin náà. Ṣé o ti jẹun? Ṣé omi yẹn gbóná? Ta ló rán ẹ̀wù burúkú yìí fún ọ? Ohun kan ṣoṣo ni kì í béèrè: ọjọ́ mélòó lẹ máa lò? Ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, nígbà tí ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí ọsibítù yẹn kan náà, akọ̀wé òtẹ́ẹ̀lì tó dé sí a máa bi í láràárọ̀ pé, "Màdáàmù, ọjọ́ mélòó ló kù?" Ó bi í láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú pẹ̀lú. Nígbà tí Ìyá ra ilé tirẹ̀, ó búra pé ọ̀rọ̀ yẹn kò ní jáde lẹ́nu òun láé.

Àfi bí ìgbìmọ̀ ìlú ṣe gbé òfin tuntun dé: kí ilé àlejò máa san owó-orí lórí alẹ́ kọ̀ọ̀kan tí àlejò bá sùn, kí wọ́n lè fi polówó agbègbè náà fún àwọn arìnrìn-àjò. Owó kọ́ ló dun Ìyá. Fọ́ọ̀mù ni. Kí àlejò tó gba kọ́kọ́rọ́, ó gbọ́dọ̀ sọ iye ọjọ́ tó máa lò, kó sì fọwọ́ sí i.

Ó lọ sí ìpàdé tí wọ́n pe aráàlú sí. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fún un.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn tèmi ò wá wo òkè, wọn ò wá wo odò. Ẹ jẹ́ kí n máa ka alẹ́ wọn tí wọ́n bá lọ tán. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí n bi wọ́n lẹ́nu ọ̀nà."

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọlúàbí ni, ibi tó sì ti burú nìyẹn. Ẹni tó bá bú ni, èèyàn á rí i bú padà.

"Mo gbọ́ yín, Màmá. Ṣùgbọ́n òfin ò mọ ẹni tó ń sunkún. Àlejò ni àlejò ń jẹ́."

Agogo dún. Wọ́n nawọ́ sókè, òfin wọlé.

Ìyá dá ọgbọ́n. Ó ń kọ "ọjọ́ mẹ́ta" sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, títí ọ̀gá alábẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú fi dé.

"Màmá, ṣé gbogbo ayé ló ń lo ọjọ́ mẹ́ta ni? Tí mo bá tún bá a báyìí, a máa ti ilé yìí pa."

Ìbẹ̀rù mú un. Bí wọ́n bá tì í, níbo làwọn èèyàn rẹ̀ máa sùn?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni bàbá télọ̀ kan wọlé. Ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyí. Ìyàwó rẹ̀ ti padà sí wọ́ọ̀dù. Ó na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ìyá di kọ́kọ́rọ́ mú. Ó wo fọ́ọ̀mù, ó wo ilẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ọjọ́ mélòó lẹ máa lò?"

Àpò bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í béèrè," ó ní. "Dókítà ti bá yín sọ̀rọ̀, àbí?"

"Rárá o! Ìjọba ni, Bàbá. Ìwé ni. Ẹ wò ó!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá kò wo ìwé kankan. Ojú Ìyá ló ń wò, omi sì ti kún ojú náà, èyí tó tún wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó jókòó sórí àpò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kọ iye tí wọ́n bá sọ fún yín," ó ní. "Ẹ ṣáà má kà á sí mi létí."

Ìyá mú bírò dání, kò sì mọ ohun tó máa kọ.