Kẹ̀kẹ́ Tí Mo Ní Ọkọ Mi Ló Ṣe

Èmi ni mo ṣe kẹ̀kẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ báyìí, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Èmi ni mo rà á, èmi ni mo tú u, èmi ni mo tò ó padà. Èékánná tèmi ni girísì wọ̀ tí mi ò fi lè fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà fún odindi ọjọ́ kan. Ẹni tó bá ní kì í ṣe èmi, kó lọ jókòó.

Sakété ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi mángòrò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, nígbà tí àwọn tíṣà àti àwọn adẹ́mu ṣì ń gun kẹ̀kẹ́, kí alùpùpù tó gba gbogbo ojú ọ̀nà. Nínú gbogbo ọmọ wọn, èmi obìnrin ni iṣẹ́ náà wù. Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi, mo ti lè fa àwọn irin wẹ́wẹ́ inú jáǹtì, irin róbótó tí táyà ń jókòó lé, títí èyí tó ti wọ́ á fi tún yí láìmì. Àmọ́ nígbà tí mo bàlágà, wọ́n mú mi lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Mi ò bínú sí wọn. Ìgbà yẹn, mi ò tíì mọ ohun tí à ń pè ní ìbínú.

Pobẹ̀ ni mo ti lọ́kọ. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Onígbólò, ó máa ń lo ọjọ́ mélòó kan lójú ọ̀nà kó tó wálé. Èmi ní àtẹ̀líyé kékeré níbi tí mo ti ń ránṣọ. Ọmọbìnrin méjì la bí, àwọn méjèèjì sì ti wà nílé ọkọ. Nígbà náà ni ẹ̀gbà mú ìyá mi lápá àti lẹ́sẹ̀ òsì ní Sakété. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń gbé oúnjẹ síwájú wọn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni mo ń lọ wẹ̀ wọ́n, tí mo ń yí wọn padà, tí mo ń fi àdín pa ẹ̀yìn wọn kó má baà dégbò. Táksí kì í gbéra ní Pobẹ̀ àfi tó bá kún, kíkún rẹ̀ sì ni kí àwọn èrò jókòó lé ara wọn lórí. Ìgbà tí mo bá fi lọ tí mo bá fi bọ̀, ọjọ́ ti lọ, aṣọ oníbàárà ṣì wà nílẹ̀.

Ni mo bá ra kẹ̀kẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn àlòkù tó ń ti ilẹ̀ Òyìnbó wọlé ni, èyí tí à ń pè ní fétété, tí wọ́n ṣe fún gígun òkè àti igbó. Lójú ẹni tí kò mọ̀, alágbára ni. Táyà rẹ̀ rí kókókó bí ẹ̀yìn ọ̀nì, apá iwájú rẹ̀ sì ní sípíríǹgì tó ń rì mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀dà ló lọ láti Pobẹ̀ dé Sakété. Lórí ọ̀dà, táyà kókókó á máa kùn, á máa fà ọ́ sẹ́yìn. Gbogbo ìgbà tí o bá sì tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, sípíríǹgì á jẹ nínú agbára rẹ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gùn ún dé ìtòsí abúlé Agidi tó wà lójú ọ̀nà, itan mi ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni kò lágbára.

Mo ti ilẹ̀kùn àtẹ̀líyé mọ́ra, mo tú u. Mo wá táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ara rẹ̀ dán. Ọmọkùnrin tó ń ta táyà lọ́jà bá mi jiyàn pé ìwọ̀n táyà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ń jẹ́, kẹ̀kẹ́ yòówù kó jẹ́. Mo sọ fún un pé oríṣi méjì ni, pé táyà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kò lè wọ jáǹtì fétété láéláé, kó lọ bi bàbá rẹ̀. Mo yọ apá iwájú onísípíríǹgì dànù, mo fi irin líle tí kì í mì rọ́pò rẹ̀. Inú àkójọ irin tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo ti rí i. Okùn tí mo fi ń wọn aṣọ ni mo fi wọn méjèèjì kí wọ́n lè gùn bákan náà, torí tí èyí tuntun bá kúrú, imú kẹ̀kẹ́ á rẹlẹ̀, kò sì ní gbọ́ràn sí ọwọ́ mọ́. Mo gé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kúrú lápá méjèèjì, mo gbé ìjókòó ga, mo fi irin tó ń dá ẹrẹ̀ dúró síwájú àti sẹ́yìn. Ajórin kan bá mi jó irin tí mo lè di ẹrù mọ́. Mo fi aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀ rán àpò méjì, ọ̀kan fún aṣọ ìyá mi, ọ̀kan fún oúnjẹ wọn àti àdín.

Nígbà tí mo gbé e jáde, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì á kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ á tì mí sí etí títì, mi ò ní ṣubú. Kí oòrùn tó mú, mo ti wẹ ìyá mi tán, mo ti wà lójú ọ̀nà ilé. Inú mi dùn. Mo ń kọ ìyẹn sílẹ̀ náà, torí kò pẹ́ rárá.

Ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó rẹ́rìn-ín, ó gùn ún lọ sí oríta níbi tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti máa ń mutí. Ó padà wálé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

“Wọ́n ní èmi ni mo ṣe é.”

“Kí lẹ wá sọ fún wọn?”

“Kí ni kí n sọ? Kí n ní ìyàwó mi mọ sípánà lò jù mí lọ? Bọ̀n, ó dáa, fi wọ́n sílẹ̀ jàre.”

Mo fi wọ́n sílẹ̀. Mo tilẹ̀ bá wọn gbè é. Tí àwọn obìnrin ọjà bá bi mí pé ta ló bá mi ṣe kẹ̀kẹ́ tó dára tó báyìí, màá ní, “Baálé mi ni.” Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Obìnrin tó bá ń yin iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ níṣojú ọkọ, wọ́n á ní ó ń fi ọkọ wọ́lẹ̀. Ọkọ ladé orí aya, a ti gbọ́ ọ láti kékeré, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa pé adé wúwo. Ìyá mi gan-an, bí mo ti ń wẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, fi ẹnu tó ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sọ fún mi pé, “Fún un níyì náà. Iyì ọkọ rẹ, inú ilé rẹ ló ń gbé.”

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí í ṣe àgbà ẹbí wọn, wá kí wa. Wọ́n dúró ti kẹ̀kẹ́, wọ́n ń fọwọ́ pa á lára. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, “Àbúrò yín ló ṣe é fún mi. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.” Wọ́n súre fún wa. Ọkọ mi jókòó sórí àga, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, kò sì dìde mọ́. Mo sunkún rẹ̀ tọkàntọkàn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ràn ìyìn tí kò ṣiṣẹ́ fún ni. Mo ti dárí ọ̀pọ̀ nǹkan jì í, ṣùgbọ́n ìyẹn, mi ò tíì rí ibi tí màá gbé e sí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí rẹ̀ pé jọ sí àgbàlá wa láti pín ẹrù rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ohun tí ọkùnrin bá fi sílẹ̀, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń kó o. Ìyàwó kò sí lára àwọn tó ń pín. Ká má purọ́, ara ẹrù lòun náà wà. Mo mọ̀ pé òfin ìjọba yàtọ̀ sí èyí. Òfin ọ̀hún wà nílé ẹjọ́, èmi wà lórí ẹní opó.

Wọ́n pín aṣọ, wọ́n pín bàtà, wọ́n pín rédíò. Ni àbúrò ọkọ mi, àbígbẹ̀yìn wọn, bá dìde. Ọmọ kékeré ni mo bá a nílé, èmi ni mo ń bu oúnjẹ fún un, àmọ́ nítorí pé ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé mi wọlé, “ọkọ mi” ni mo ń pè é. Ó nawọ́ sí kẹ̀kẹ́.

“Ti ẹ̀gbọ́n mi yẹn ńkọ́?”

Mo ní, “Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, kẹ̀kẹ́ mi nìyẹn. Èmi ni mo rà á, èmi ni mo ṣe é. Òun ni mo fi ń lọ tọ́jú ìyá mi.”

Àgbà ẹbí wò mí. Ohùn wọn kò le, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. “Ìyàwó, ṣé ìwọ kọ́ lo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yìí, tí o ní àbúrò mi ló ṣe é?”

“Èmi ni, bàbá.”

“Ṣé irọ́ lo pa fún mi nígbà náà?”

Ẹ bá mi wo ibi tí wọ́n há mi mọ́. Tí mo bá ní rárá, kẹ̀kẹ́ ti lọ nìyẹn. Tí mo bá ní irọ́ ni, mo ti sọ ọkọ mi, tí ilẹ̀ ibojì rẹ̀ kò tíì gbẹ, di ẹni tó ń jẹ ìyìn ìyàwó rẹ̀. Mo ro ti ẹ̀yìn ìyá mi tó lè dégbò.

“Irọ́ ni mo pa, bàbá. Mo fi buyì fún wọn ni.”

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ pòṣé. “Tó bá lè parọ́ nígbà tí ọmọ ìyá mi wà láàyè tó lè já irọ́ rẹ̀, kí ló máa dí i lọ́wọ́ nísinsìnyí tí ọmọ ìyá mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́?”

Àwọn obìnrin ọjà tó wá bá mi kẹ́dùn náà ń mi orí. Àwọn kan náà tí mo ti sọ fún lọ́jà pé baálé mi ni. “Ó sọ fún èmi náà,” ni wọ́n ń wí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n bá mi wá sípánà, kí n tú kẹ̀kẹ́ náà lójú gbogbo wọn, kí n sì tò ó padà. Àgbà ẹbí ní opó kì í fọwọ́ kan irin nígbà ọ̀fọ̀. Mi ò gbọ́ èèwọ̀ yẹn rí títí di ọjọ́ náà.

Àbúrò ọkọ mi gbé e lọ. Àpò méjèèjì tí mo rán ṣì wà lára rẹ̀, ìgò àdín ìyá mi sì wà nínú ọ̀kan. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo ní kó jẹ́ kí n mú àdín. Ó dúró, ó ṣe bí ẹni tó ń ṣe mí lóore.

Láti ọjọ́ náà, mo di ẹni tó ń dúró de táksí. Ìgbà tí mo bá lè lọ ni mò ń lọ, kì í ṣe ìgbà tó yẹ. Ẹ̀yìn ìyá mi dégbò. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò lè máa gbé arúgbó yí. Àwọn ọmọ tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ? Àárọ̀ tí wọ́n pè mí lórí fóònù pé ìyá mi ti lọ, òjò ń rọ̀ kíkankíkan. Kò sí sẹ́mìjàn kan, àwọn tó ń fi alùpùpù kérò, tó fẹ́ gbé mi nínú rẹ̀. Táksí kan ṣoṣo tó wà níbùdókọ̀ ń dúró de èrò. Mo ti gun kẹ̀kẹ́ yẹn dé Sakété nínú irú òjò bẹ́ẹ̀ rí, mo kàn fi ọ̀rá bo orí ni.

Mùsùlùmí ni wá nílé bàbá mi, a kì í pẹ́ sin òkú. Nígbà tí mo dé, àwọn obìnrin àdúgbò ti wẹ ìyá mi, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì wọ́n, wọ́n ti gbé wọn jáde. Ìyókù omi ìwẹ̀ náà ṣì wà nínú garawa lẹ́yìnkùlé. Èmi tí mo ń wẹ̀ wọ́n láàyè, èmi kọ́ ni mo wẹ̀ wọ́n kẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi nígbà tí àbúrò ọkọ mi ti kẹ̀kẹ́ náà dé iwájú àtẹ̀líyé. Táyà iwájú ń ha irin.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyàwó wa.” Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fi ọ̀wọ̀ kí mi.

“Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi.”

“Kẹ̀kẹ́ yìí ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lóríta ní òun ò rí irú ìtòpọ̀ yìí rí, òun ò fẹ́ fọwọ́ òun bà á jẹ́. Ó ní kí n gbé e lọ bá ẹni tó tò ó. Ẹ bá mi wò ó.”

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. “Ta ló tò ó?”

Ó wolẹ̀. “Ah, ìyàwó wa. Ẹ̀yin náà mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀.”

Gbogbo wọn ló mọ̀. Àgbà ẹbí tó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí léèrè mọ̀. Èyí tó pòṣé mọ̀. Mo ti rò pé mi ò tún lè bínú ju bí mo ṣe bínú lọ mọ́, mi ò mọ nǹkan kan.

Ó wá fẹ́ fi oyin sí i. “Tẹ́ ẹ bá bá mi tún un ṣe, ọjọ́ tí mi ò bá lọ sóko, ẹ lè máa gbé e lọ sí Sakété lọ wo ìyá.”

Ó wá síbi sàráà ìyá mi. Mo rí i níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló gba ìrẹsì.

“Ìyá wo?” ni mo bi í.

Ó tún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dì mú. Ó ti rántí.

“Ẹni tó ṣe kẹ̀kẹ́ yẹn ti kú,” ni mo wí. “Ẹ̀yin náà lẹ pín ẹrù rẹ̀. Ẹ lọ bi í.”

Ó yí kẹ̀kẹ́ padà, ó ń tì í lọ lórí ọ̀nà pupa. Mo wo jáǹtì iwájú bó ṣe ń lọ: kò jókòó gún láàárín apá rẹ̀ ni. Kéèyàn tú nọ́ọ̀tì méjì, kó tẹ̀ ẹ́ wọlé, kó tún un dè, ó tán. Mi ò pè é padà.