Ọgọ́ta Ọjọ́ Ológbò Àlàájà Mùkàrámà

Oṣù kẹjọ ọdún 2007 ni mo kọ́kọ́ pàdé Àlàájà Mùkàrámà, ní ọjà Treichville, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Léèsì ni mo fẹ́ rà. Kí n tó ná ọjà, ó na ìwé kan sí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè ka Faransé?"

Mo ní tíṣà ni mí.

"Ó dáa. Ẹ kà á sókè, kí gbogbo ìlà ìsọ̀ yìí gbọ́."

Madame Martine, dókítà ẹran ní àdúgbò Biétry, ló kọ ọ́. Ó ti wá eégbọn títí lára ológbò Àlàájà, kò rí ọ̀kan. Ó fura pé oúnjẹ kan ló ń bá ara ológbò náà jà. Nítorí náà, ẹran kan ṣoṣo tí kò jẹ rí ni kí wọ́n máa fún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan nǹkan mìíràn.

Orí ìdì léèsì ni ológbò náà dùbúlẹ̀ sí, tó ń họ ọrùn tó ti pá. Patron, ìyẹn Ọ̀gá lédè Faransé, ni wọ́n ń pè é. Láti ìgbà tó ti dé, eku kò jẹ aṣọ Àlàájà mọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn oníbàárà bá ti rí i tó ń họra, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í họra, wọ́n á sì lọ. Àrìmíyàù, alága ìlà ìsọ̀ náà, ti fún Àlàájà ní gbèdéke: bí ara ológbò kò bá yá kí Ìtúnu Ààwẹ̀ tó dé, Adjamé, ní òdìkejì ọ̀sà, ni wọn yóò lọ jù ú sí.

"Ẹja nìkan ni mo ń fún un," Àlàájà sọ fún mi.

A lọ bi àwọn aládùúgbò. Ó ń jẹ adìẹ lọ́dọ̀ télọ̀, ó ń jẹ màlúù lọ́dọ̀ alápatà, ó ń mu wàrà níbi mẹ́ta. Ìsọ̀ alága la ti rí agolo sàdíìnì.

"Ẹ̀yin náà, Alága?"

"Ó máa ń kí mi láàárọ̀ ni."

Ehoro nìkan ni Patron kò tíì jẹ rí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ehoro. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìhọra dínkù, irun sì ń hù. Ni ààwẹ̀ Ràmàdáánì bá dé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ológbò tún ti ń họra. Àlàájà ṣọ́ ọ, ó sì bá alága tó na ẹja sí i.

"Alága, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Mi ò fún un lóúnjẹ. Mo ní kó tọ́ ọ wò ni. Ìyàwó mi ń tọ́ ọbẹ̀ wò lójoojúmọ́, ó ń tu ú dànù, ààwẹ̀ rẹ̀ kò sì bàjẹ́."

"Patron ńkọ́, ṣé ó tu tiẹ̀ dànù?"

Alága wo ológbò náà dáadáa. "Kò tíì tu ú," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìlà ṣe rò ó. Ìtọ́wò mẹ́sàn-án ni Patron ń rí lójúmọ́.

Ìtúnu ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àlàájà gba ọ̀dọ̀ Áfáà Bàsìt, áfáà mọ́ṣáláṣí ọjà, lọ. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí, Áfáà bá gbogbo ìlà sọ̀rọ̀.

"Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ààwẹ̀ rẹ̀ jẹ́, ọgọ́ta ọjọ́ gbáko ni yóò fi san án. Bó bá já ọjọ́ kan láàárín, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀. Ti ológbò yìí jọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ti já a, ó ti di àtúnbẹ̀rẹ̀. Ẹ má sọ o pé mo ní ológbò ń gbààwẹ̀. Àfiwé ni mo ń ṣe."

Kò sí ẹni tó gbọ́ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn. Ohun tí dókítà kò rí ṣe pẹ̀lú ìwé, ọ̀rọ̀ Áfáà ti ṣe é. Alága, tí ìtọ́wò rẹ̀ pọ̀ jù, fi ẹnu ara rẹ̀ sún gbèdéke síwájú di ìgbà tí ọgọ́ta ọjọ́ bá pé. Àwọn àgbà ọkùnrin ń káwọ́ sẹ́yìn bí wọ́n bá ń kọjá níwájú Patron. Lẹ́yìn Ìtúnu pàápàá, télọ̀ kò jẹun ọ̀sán láìti ilẹ̀kùn mọ́.

Ọgọ́ta ọjọ́ pé, irun sì bo ọrùn Patron. Dókítà ní kí wọ́n máa dá oúnjẹ àtijọ́ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fún un ní adìẹ, kò họra. Wọ́n fún un ní màlúù, kò họra. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n fún un ní ẹja, ó bẹ̀rẹ̀. Alága fúnra rẹ̀ ló lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ tó ń sọ pé ẹja ni, ó sì fi kún un pé kò sí ẹni tó gbọdọ̀ lé ológbò náà kúrò.

Ọdún 2011 la wà yìí. Àlàájà Mùkàrámà ṣì ń ta léèsì ní ìsọ̀ kan náà ní Treichville. Aago mẹ́jọ ló ń ṣí i, àfi ọjọ́ Jímọ̀.